Ta Ló Gbá Ilẹ̀ Ilé Ìwòsàn Tuntun?

Bàtà ọkùnrin náà mọ́ tónítóní. Ohun tó kọ́kọ́ da orí mi rú nìyẹn, kò sì sí ohun tí mo rí lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà tó bá mi tún orí ọ̀hún tò.

Nọ́ọ̀sì ló kó ẹrù rẹ̀ jáde fún wa nínú àpò ọ̀rá: ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ lọ́rùn, ṣòkòtò, aago ọwọ́ tó ti fọ́, àti bàtà aláwọ kan. Ọ̀gá mi mú bàtà náà, ó yí i padà, ó sì tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń kàwé.

"Sájẹ́ǹtì, kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Mà."

"Èmi náà ò rí nǹkan kan. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Kòtánsíbẹ̀ là ń pe ọ̀gá mi lẹ́yìn ní téṣàn. Bí ẹjọ́ bá ti parí lójú gbogbo ayé, tí kálukú ti ń gbé fìlà rẹ̀ láti máa lọ sílé, òun á kàn mi orí, á ní, "Kò tán síbẹ̀." Obìnrin kúkúrú ni, ewú ti gba orí rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ó mọ̀ pé a ń pe òun bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀.

Lójú tèmi, ẹjọ́ yìí ti tán láti àárọ̀. Ọkùnrin tó wà lórí ibùsùn nínú yàrá yẹn, ayàwòrán ilé ni. Òun ló ya àwòrán ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n kọ́ sí òpin àdúgbò wa, tó ku kí wọ́n gbálẹ̀ kí wọ́n sì ṣí i. Nírọ̀lẹ́ àná, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ, wọ́n bá a nílẹ̀ lẹ́yìn ilé náà, orí rẹ̀ ti fọ́, egungun itan rẹ̀ ti ṣẹ́. Kò tíì lajú títí di báyìí. Ẹni tó fi fóònù pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn ò dárúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn lébìrà méjì gbọ́ nígbà tí agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ ilé náà ń pariwo mọ́ ayàwòrán lójú gbogbo èèyàn pé kí wọ́n tó wó ohun tí òun kọ́, orí ẹnìkan á kọ́kọ́ fọ́. Orí sì fọ́. A ti agbaṣẹ́ṣe mọ́lé. Kí ló tún kù?

"Ilẹ̀ ilé yẹn kún fún eruku sìmẹ́ńtì," Kòtánsíbẹ̀ wí. "Wo bàtà tìẹ. Ẹnu ọ̀nà lásán lo dúró sí láàárọ̀, ó ti funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń lọ èlùbọ́. Báwo ni ọkùnrin yìí ṣe la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn tí bàtà rẹ̀ ò mú eruku?"

"Bóyá wọ́n gbé e ni, Mà."

Ó fi ojú sọ fún mi kí n yọjú wo yàrá. Mo yọjú. Ọkùnrin náà kún ibùsùn láti etí dé etí. Èèyàn mẹ́rin ló máa gbé irú rẹ̀, wọn á sì sinmi lọ́nà.

"Ẹ wo ọwọ́ wọn náà," nọ́ọ̀sì dá sí i. "Mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ."

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú. Mo ní pẹ́ńsù ni, ayàwòrán kúkú ni. Ọ̀gá mi mi orí.

"Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ni pẹ́ńsù máa ń kùn, níbi tí ọwọ́ ti ń wọ́ lórí bébà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì máa ń jẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lèyí." Ó ki ọwọ́ sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó fa àwọn bébà kan tó ká jáde. Àwòrán ni wọ́n, pẹ́ńsù ni wọ́n fi yà á wéréwéré, ìlà ń gun ìlà. Mo wò ó títí, mi ò mọ ibi tó kọ orí sí. Tábìlì kan ga bí ògiri. Ọwọ́ ilẹ̀kùn kan wà lókè bí ẹni pé òmìrán ló fẹ́ ṣí i. Fèrèsé kan wà tó jẹ́ pé ojú ọ̀run nìkan ló wà nínú rẹ̀.

"Ọmọdé ló ya èyí," mo wí.

"Ìlà yìí ò gbọ̀n bíi tọmọdé. Gbé mọ́tò, ká lọ."

*

Ilé náà dára lóòótọ́. Bíríkì ni wọ́n tẹ́ láti géètì dé ẹnu ọ̀nà iwájú, mọ́tò ayàwòrán ṣì wà lórí rẹ̀ níbi tó gbé e sí. Bí a ti wọlé la bọ́ sí gbọ̀ngàn ńlá tí àwọn aláìsàn á ti máa dúró, pẹ̀lú káńtà gíga kan níwájú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, yàrá dókítà lápá kan, ilé ìtura fún ìgbọ̀nsẹ̀ lápá kejì. Ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà. Nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ wálẹ̀, wọ́n ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oníkankéré kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn náà lọ sínú ọgbà òdòdó àti sí ilé kékeré tí wọ́n á ti máa kọ́ àwọn tó fara pa ní ìrìn. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí ni wọ́n ti bá a, lẹ́bàá ògiri.

Eruku wà níbi gbogbo, ojú ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀ lóríṣiríṣi. Àfi ọ̀nà kan. Láti ẹnu ọ̀nà iwájú, ó gba ẹ̀gbẹ́ káńtà, ó yà wọ yàrá dókítà, ó jáde, ó yà wọ ilé ìtura, ó jáde, ó sì lọ tààrà sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹnìkan ti gbá ọ̀nà yẹn.

Inú mi dùn dé ọkàn. "Ó ti yé mi, Mà! Ẹni tó lù ú ló gbálẹ̀ kí a má baà rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n gbá sì ni ayàwòrán gbà kọjá, ìdí nìyẹn tí bàtà rẹ̀ fi mọ́."

"Ṣé kí ayàwòrán tó dé ni wọ́n gbá a, àbí lẹ́yìn tó ti ṣubú?"

"Kó tó dé, Mà."

"Eruku fẹ́lẹ́ tó kù níbẹ̀ á ti gba ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ti ẹni tó lù ú. Mi ò rí ìkankan."

"Ó dáa, lẹ́yìn tó ṣubú ni."

"Bàtà rẹ̀ á ti dọ̀tí nígbà yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dà bí aṣọ tí wọ́n rán apá rẹ̀ mọ́ra. Ibi yòówù tí mo bá ki ọwọ́ sí, kò gbà. Mo bínú jáde síta láti lọ wo ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mi ò tíì rìn jìnnà tí ẹsẹ̀ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi, ọpẹ́lọpẹ́ ògiri tí mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá mú. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Kòtánsíbẹ̀ dúró lókè, ó ń wò mí, kò sì rẹ́rìn-ín.

*

Agbaṣẹ́ṣe ká apá gbera nínú àtìmọ́lé. Kò fọwọ́ kan omi tí a gbé fún un.

"Ṣé lóòótọ́ lẹ sọ pé orí ẹnìkan á fọ́?" ọ̀gá mi bi í.

"Mo sọ ọ́."

"Orí ta ni?"

"Orí tèmi! Ohun tí Sájẹ́ǹtì yín yìí ò jẹ́ kí n sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Mà, ilé ti tán. Ayàwòrán dé, ó ní kí n wó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn, kí n rẹ káńtà sílẹ̀, kí n fẹ ilẹ̀kùn ilé ìtura. Mo ní ṣé kì í ṣe bó ṣe wà nínú àwòrán ni mo ṣe kọ́ ọ ni? Ó ní bó ṣe wà nínú àwòrán ni. Mo ní kí ló wá dé? Ó ní àwòrán ni kò dáa. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ya àwòrán ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwòrán ò dáa. Orí mi ti ń fọ́ kí n tó sọ gbólóhùn yẹn."

"Níbo lẹ wà nírọ̀lẹ́ àná?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ẹ lọ bi í."

A lọ bi í. Onígbàjámọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní odidi ìrọ̀lẹ́ ni agbaṣẹ́ṣe fi jókòó sórí àga òun tó ń ṣàlàyé bí ayàwòrán ṣe fẹ́ ya òun ní wèrè, pé gbogbo àwọn tó ń retí láti gẹrun ló gbọ́ ọ. Bí ẹni tí mo rò pé mo mú ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

*

Ní ilé ayàwòrán, ìyàwó rẹ̀ ń ṣa aṣọ tí ó fẹ́ gbé lọ fún un ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti kó sínú àpò, á tún yọ ọ́ jáde. Ìyá ìyàwó náà, arúgbó kan tó rọra ń fi abẹ́rẹ́ lẹ aṣọ, jókòó lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú ìbora lórí itan rẹ̀ títí dé ilẹ̀. Mo kí ìyá, "Ẹ kú ìjókòó, Mà." Ó ní "Óò," ó sì wò mí bí ẹni tó ń retí kí n fi nǹkan mìíràn kún un. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá fi kún un. Mo kọjá.

"Ọkọ mi ò ṣe bó ṣe máa ń ṣe mọ́ láìpẹ́ yìí," ìyàwó náà sọ. "Ẹ máa rò pé mo ń parọ́ mọ́ ọn."

"Ẹ sọ ọ́," ọ̀gá mi wí.

"Á gbé àpótí kékeré sínú ilé ìdáná, á jókòó lé e, á ní òun fẹ́ fọ abọ́. Níbo ni ọwọ́ rẹ̀ á ti dé inú síǹkì? Omi á máa ṣàn wọ inú apá aṣọ rẹ̀. Mo ní, 'Dádì, kí lẹ ń wá nísàlẹ̀ yẹn?' Ó ní òun ń yàwòrán. Kò sí bébà, kò sí pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀! Mo sọ fún àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ní ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Orí ọkùnrin yìí ti dàrú, mo sọ sínú ara mi. Bóyá ńṣe ló fi orí ara rẹ̀ gbá ògiri. Ṣùgbọ́n ta ló wá gbálẹ̀?

*

Àbúrò ayàwòrán náà gbà wá ní ọ́fíìsì wọn. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Àwòrán ilé ìwòsàn náà kún ara ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé, wọ́n lẹ̀ wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra.

"Àwọn òbìrípo wọ̀nyí ńkọ́?" Kòtánsíbẹ̀ bèèrè níwájú èyí àkọ́kọ́.

"Yàrá ni wọ́n, Mà. A kì í tètè ya ògiri. Tí èèyàn bá tètè ya ògiri, ògiri yẹn ló máa máa pàṣẹ fún un títí iṣẹ́ á fi parí. Òbìrípo kan dúró fún dókítà, ọ̀kan fún àwọn tó ń retí, ọ̀kan fún oògùn. A ó máa sún wọn kiri, ká mọ ẹni tó yẹ kó súnmọ́ ẹni. Ọfà yìí ni ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, ibi tí wọ́n á gbà wọlé àti ibi tí wọ́n á gbà jáde." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. "Lẹ́yìn náà la ó tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí lé e, èyí tí èèyàn lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó dáa nínú ti àná, a ó tún un yà sórí rẹ̀. Ohun tí kò dáa á kù sísàlẹ̀. Ọ̀la, a ó tún tẹ́ òmíràn. Ẹ wo ibí, ọgbà wà níwájú. Ẹ wo ibí, ó ti bọ́ sẹ́yìn. Ó tó ìgbà mélòó kan tí ilé yìí fi yí padà kó tó di ilé."

"Ìgbà wo lẹ wá ń mọ̀ pé ó ti tó?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá máa ń sọ pé kì í tó, ọjọ́ ló máa ń pé. Àwòrán wéréwéré báyìí kì í ṣe ìdáhùn, Mà. Ìbéèrè ni. Pẹ́ńsù la fi ń béèrè."

"Pẹ́ńsù la fi ń béèrè," ọ̀gá mi tún un wí. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó tẹ́ àwọn bébà tí a rí nínú ṣẹ́ẹ̀tì ayàwòrán sórí tábìlì. "Ilé ti tán, wọ́n ti kùn ún. Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ tún wá ń béèrè?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo bébà náà fìrí, ó gbé ojú kúrò. "Mi ò mọ̀, Mà. Ó rẹ̀ wọ́n ni. Ẹ wò ó, kò tiẹ̀ jọ iṣẹ́ wọn."

Kòtánsíbẹ̀ ká àwọn bébà náà padà. Ó rìn lọ síbi àwọn àwòrán ìkẹyìn tí wọ́n fi kọ́lé, ó tẹ̀ ba, ó wo igun bébà kan níbi tí ẹni tó yà á máa ń kọ àmì ara rẹ̀ sí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúpẹ́, a sì jáde. Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní kí n wa mọ́tò.

*

A padà sí ilé ìwòsàn tuntun. Ó mú mi dúró nínú gbọ̀ngàn, ó na àwòrán tábìlì tó ga bí ògiri sókè.

"Kí lò ń rí níwájú rẹ?"

"Káńtà ni, Mà. Mo ń rí orí rẹ̀, mo sì ń rí ibi tí akọ̀wé á jókòó sí lẹ́yìn rẹ̀."

"Kò jọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù mi. "Kò tíì jọ ọ́ dáadáa. Jókòó sílẹ̀." Mo jókòó sínú eruku. "O ti lọ sísàlẹ̀ jù." Ó wo ọ̀tún wo òsì, ó rí garawa ọ̀dà kan tó ti ṣófo, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. "Gun ibí."

Mo jókòó lé garawa. Káńtà gbéra níwájú mi bí ògiri. Kòtánsíbẹ̀ lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, irun orí rẹ̀ nìkan ni mo rí.

"Má mira," ohùn rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn káńtà. "Kí lò ń rí?"

"Mà," mo wí, "àwòrán yẹn ni mò ń rí."

Ó ní kí n gbé garawa tẹ̀ lé òun. Nínú ilé ìtura, iwájú orí mi nìkan ló wà nínú dígí. Ní yàrá dókítà, ibi tí fèrèsé ti bẹ̀rẹ̀ ga débi pé gbogbo ọgbà òdòdó pòórá, ó ku ojú ọ̀run. Yàrá tí a bá wọ̀, àwòrán kan wà fún un lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ayàwòrán náà ń gbé garawa kiri ni?" mo bèèrè. Ó ti sú mi.

"Ẹni tó ń gbé garawa kiri á fi ẹsẹ̀ rìn, bàtà rẹ̀ á mú eruku. Rò ó dáadáa. Àga wo ló máa ń bá èèyàn kiri ilé, tí ẹsẹ̀ onítọ̀hún ò ní kan ilẹ̀, tó sì jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló máa dúdú?"

Mo wo garawa, mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì yé mi.

"Àga onítáyà," mo wí. "Èyí tí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé máa ń jókòó lé, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí."

"Ó gùn ún wọ inú ilé ara rẹ̀, ó ń wò ó, ó ń yà á. Nígbà tó dé ẹ̀yìn, ó ní kí òun sọ̀ kalẹ̀ sínú ọgbà. Ìwọ tó fi ẹsẹ̀ rìn níbẹ̀, o rí ohun tó ṣe ọ́."

"Nítorí náà kò sẹ́ni tó tì í!"

"Kò sẹ́ni tó tì í. Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Àga kì í gbálẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀ kó sì máa lọ sílé."

Ó fi fóònù pe nọ́ọ̀sì, ó ní kó bá òun bi ẹni tó gba ìpè àná léèrè gbogbo ohun tí olùpè náà sọ. Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn kí n tó gbọn eruku ṣòkòtò mi tán. Ọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó sọ ibi tí ayàwòrán wà, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe fún un ní oògùn pẹnisílíìnì, pé ara rẹ̀ kì í gbà á.

"Ta ló lè mọ irú ìyẹn nípa èèyàn?" ọ̀gá mi bi mí.

"Ará ilé rẹ̀ ni, Mà."

*

Ìyá àgbà ò tíì kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni Kòtánsíbẹ̀ lọ, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ya nǹkan fún ọkọ ọmọ yín?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí," ìyá wí. Ó ká ìbora itan rẹ̀ sókè. Táyà méjì wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo yí ojú sí ògiri. "Òun ló ra tuntun yìí fún mi. Ti àtijọ́ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, òun ló mú. Ó ní kí n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Ó gbé mi lọ wo ilé yẹn, inú rẹ̀ ń dùn. Ilé dára, mo yìn ín. Mo wá bi í pé ibo ni n ó gbà dé ọgbà. Ó ní ẹ̀yìn ni, Mààmi, a ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí i. Mo ní ṣé ìwọ ti gba ibẹ̀ rí? Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, kò rẹ́rìn-ín mọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ṣé èmi ni mo pa á ni?"

"Kò kú, Mà," ọ̀gá mi wí. "Ẹ ò sì ṣe nǹkan kan fún un ju pé ẹ bi í ní ìbéèrè."

*

A bá àga náà ní yàrá ìkẹ́rùsí ọ́fíìsì wọn, lẹ́yìn àwọn àwòrán tí wọ́n ká. Ibi ìgbẹ́sẹ̀lé rẹ̀ ti wọ́. Àbúrò ayàwòrán ò bá wa jiyàn. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Mà?"

"Ká ní agbaṣẹ́ṣe ló rí àga yìí, orí ni ì bá gbé e rù, ì bá máa pariwo kiri àdúgbò, torí òun ni àga náà máa dá láre. Ẹni tó lè gbé e pamọ́ ni ẹni tí àga náà máa jẹ́rìí takò. Àmì tó wà nígun àwòrán gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, tìrẹ ni."

"Bọ̀ọ̀dá ní kí n fà á gùn," ó wí. Ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. "Mo ní tí mo bá fà á gùn, á jẹ ọgbà tán. Mo fẹ́ràn ọgbà yẹn. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé mo ti ṣírò ó. Wọ́n gbà mí gbọ́. Láná wọ́n pè mí, wọ́n ní, 'Wá wo ohun tí èmi àti ìwọ ṣe.' Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti wà nílẹ̀, táyà kan ṣì ń yí. Mo pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Mo wá wo àga yẹn. Mo ní gbogbo èèyàn máa rí i pé ilé tí a kọ́ fún àwọn tó fara pa, ọwọ́ mi ló ya ibi tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi léṣe nínú rẹ̀. Mo gbé e sínú búùtù. Mo gbá ojú táyà rẹ̀. Mo sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì títí wọ́n fi wá gbé wọn."

"Ẹni tó wà ní àtìmọ́lé ńkọ́?"

"Mo ní láàárọ̀ ni n ó wá sọ. Nígbà tó di àárọ̀, ó ti le ju ti àná lọ."

Kí a tó kúrò níbẹ̀, nọ́ọ̀sì pè. Ayàwòrán ti lajú, ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Mo sáré lọ ṣílẹ̀kùn fún agbaṣẹ́ṣe. Ó kọ̀, kò jáde. Ó ní àfi kí n kọ́kọ́ lọ bá òun ṣàlàyé fún ìyàwó òun àti onígbàjámọ̀, kí àwọn lébìrà méjì yẹn sì wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí.

*

Kòtánsíbẹ̀ mú ọ̀dọ́kùnrin náà lọ sí ẹsẹ̀ ibùsùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí a tó mú un lọ téṣàn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báírò lọ́wọ́, mi ò mọ ohun tí n ó kọ. Kò sẹ́ni tó lu ẹnìkan. Síbẹ̀ èèyàn kan wà lórí ibùsùn, òmíràn ti wà ní àtìmọ́lé láti àárọ̀ nítorí ohun tí kò mọ̀, ìkẹta sì dúró níwájú mi.

"Bọ̀ọ̀dá, èmi ni mo gbé àga lọ. Mo tún gbá ilẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa ojú dé.

"Ojú táyà mi," ó wí, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. "Ṣé o wò ó kí o tó gbá a?"

"Mo wò ó."

"Ní ilé ìtura?"

"Mo rí i pé ẹ ò rí ààyè yípo. Ẹ fi ẹ̀yìn jáde, ẹ kọ lu ilẹ̀kùn, ẹ tún padà."

"Àwòrán tó dáa jù tí mo yà fún ilé yẹn nìyẹn," ayàwòrán wí. "Ìwọ nìkan lo rí i láyé yìí. Yà á fún mi."

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi gba báírò lọ́wọ́ mi, ó ya bébà kan nínú ìwé mi, ó nà án sí i. Ọ̀dọ́kùnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó gbé bébà lé orókún, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà iwájú. Ìlà méjì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n dúró níwájú káńtà, wọ́n yà sí yàrá dókítà, wọ́n lọ́, wọ́n bọ̀, wọ́n kọ lu ara wọn ní ilé ìtura, wọ́n sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

"Kí lo rí níbẹ̀?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí lo rí?"

"Mo rí i pé ẹ gbìyànjú láti dá àga náà dúró."

"Yà á."

Ó tẹ orí ba, ó sì yà á.